Mo Fẹ́ Sọ Owó Ẹ̀gbọ́n Mi Di Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó burú jù níbẹ̀ kí ojú tó tì mí. Mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ojúkorojú ni mo sì pa á, pẹ̀lú bírò létí mi. Èyí tó kù, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, nítorí bí mo ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí nílé. Kì í ṣe pé mo kàwé lọ títí. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà kí ṣòkòtò ẹnì kan má baà bá ẹlòmíràn lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú ni mo ti ń kọ ìwé ilé wa. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pátákó, ìkẹrin irú rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan hu eyín wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí a ra fíríìjì wà níbẹ̀. Ẹni tó fọ́ dígí ilé ìwẹ̀ tó sì ní òun kọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i.

Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í búra. Wọ́n á kàn ní, "Ẹ pe Akọ̀wé kó gbé ìwé wá."

Ìdí rèé tí ẹ̀gbọ́n mi fi fọkàn tán mi. Káfíńtà ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó ń fá pákó. Gbogbo pákó tó bá fẹ́ lò, èjìká ló fi ń gbé e lọ sí ọgbà onípákó ní òpin òpópónà, á tò sẹ́yìn àwọn mẹ́wàá, á sanwó, wọn á tó wá bá a fá a. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìdajì ọjọ́ máa ń lọ sórí ìlà. Ọdún mẹ́ta ló fi ń tọ́jú owó ẹ̀rọ tirẹ̀.

Oníbàárà kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn ló kọ́kọ́ fi kírípítò sanwó àga fún un, ìyẹn owó orí ayélujára tí ènìyàn kò lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ó ń lé díẹ̀díẹ̀, ó bá fi í síbẹ̀, ó sì ń fi òmíràn kún un.

Inú fóònù rẹ̀ ló ti ń rí owó náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó méjìlá tí kò bá ara wọn tan rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ méjìlá náà, tó sì tò wọ́n bó ṣe yẹ, òun ló ni owó. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síbi tí olè kò ní wò.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tú ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá, mo tò wọ́n sínú ìwé ilé bí ẹrù tí ẹnì kan kó wá lọ́jọ́ tó kó wọlé. Ṣíbí, òṣùpá, ẹja, ọ̀bẹ, òjò, títí tó fi pé méjìlá. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "olè wo ló máa wá gbé òṣùpá?"

Ó mú ìwé pélébé tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, ó ya á, ó sì sun ún. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló fi fídíò náà hàn mí. Òun ló ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ wa. Á gbé fóònù rẹ̀ ti ike omi tó fi ń wọ́n aṣọ, á máa wo fídíò, ooru á máa rú sí i lójú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ní kí n wá wo bàbá olówó kan.

Bàbá náà jókòó sórí àga aláwọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, kóòtù rẹ̀ ń dán. Ó ń ṣàlàyé pé owó tí òun ní ti tó òun, pé ó kù kí òun ran ọmọ aráyé lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá so àpò kírípítò rẹ̀ mọ́ ojú ewé òun láàárín wákàtí kan, òun máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di méjì. Wọ́n fi pupa kọ ọ́ sókè fídíò náà pé ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, àti pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wò ó lọ́wọ́.

Mo bi Ìyá Áyọ́ọ̀nù bóyá òun náà ti so tirẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ so?" ó ní. "Àpò ṣòkòtò àwọn oníbàárà nìkan ni mo mọ̀. Èmi kàn fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí nọ́ńbà mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ti bá ẹ̀gbọ́n mi ya ọ̀kan sọ́tọ̀, tuntun, aláwọ̀ ewé, ó ní kó wá gbé e kí oṣù tó parí. Owó tó wà nílẹ̀ tó o géérégé. Mo wá ń rò ó pé, bó bá di méjì ńkọ́? Ẹ̀rọ á wà, òrùlé gidi á wà lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dípò ọ̀rá tó ta síbẹ̀. Èmi ni màá kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ báyìí, Akọ̀wé sọ owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di méjì.

Kí n má tàn yín, orúkọ mi ni mo ń rí nínú ìwé náà ju ẹ̀rọ lọ.

Ẹ má sì rò pé mo kàn sáré kó sínú rẹ̀. Èmi kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣèwádìí. Mo ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ilé, mo ń wo fídíò náà lójoojúmọ́ lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Iye ènìyàn tó ń wò ó. Kóòtù tó wọ̀. Ìgbà tó mu omi. Ìgbà tó sín. Orúkọ gbogbo àwọn tó kọ ọ́ sábẹ́ pé owó àwọn ti di méjì. Nígbà tí mo ṣírò wọn, mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Adájọ́ wo ló máa ń rí ẹlẹ́rìí mẹ́tàlélógójì lórí ẹjọ́ kan?

Ìwé mi kún fọ́fọ́. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mi ò kà á.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí a ń fi aṣọ tó ti gbẹ kọ́ sí. Mo jókòó sáàárín àwọn kóòtù inú ọ̀rá, mo ṣí ojú ewé bàbá náà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá. Mo la ìwé ilé sórí orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú Yorùbá padà sí òyìnbó.

Ọkàn kan ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ná. Ọkàn kejì ní ẹ̀bùn tí a bá ti sọ tẹ́lẹ̀ kì í dùn mọ́. Èwo lẹ rò pé mo gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ṣíbí wọlé. Òṣùpá wọlé. Ẹja wọlé. Ìkọkànlá ló dá mi dúró.

Mo ti kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, láìsí tòkè, nítorí àmì òkè máa ń jẹ àkókò mi. "Ọna" ni mo kọ. Òyìnbó kò sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Wọ́n ní èyí tí mọ́tò ń gbà, wọ́n ní èyí tí ẹsẹ̀ là sáàárín koríko, wọ́n tún ní èyí tó jẹ́ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Mo dán ti mọ́tò wò, ojú ewé náà ní kò bára mu. Mo dán ti ẹsẹ̀ wò, kò gbà. Mo dán ẹ̀kẹta wò, ó tún kọ̀. Nọ́ńbà pupa ń kà sẹ́yìn lójú fóònù, mo sì ń làágùn láìlọ aṣọ kankan.

Ojú ewé náà bá kọ ọ́ sí mi pé kí n má ṣèyọnu. Mo lè padà wá ní wákàtí tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tọ́. Àwọn ti bá mi tọ́jú mọ́kànlá tó kù.

Ẹ ò rí inú rere? Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo gbé ìwé sí abíyá, mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọgbà onípákó bọ̀ ni, pákó gígùn kan wà léjìká rẹ̀, eruku igi ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ó béèrè bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé, torí mi ò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lákòókò iṣẹ́ rí. Mo ní rárá, àlàáfíà ni. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo wá pa irọ́ tí mo ti ń tò bọ̀ lójú ọ̀nà.

"Omi dà sí ìwé ilé, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń tún ojú ìwé yín kọ. Ọ̀nà tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn, èwo ni nínú ọ̀nà òyìnbó? Ti mọ́tò ni àbí ti ẹsẹ̀?"

Ó gbé pákó sílẹ̀, ó nu ọrùn. "Ọ̀nà kẹ̀? Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Òun ni ìkọkànlá."

Ó ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọnà ni, ìwọ obìnrin yìí. Ọnà. Èyí tí mo ń gbẹ́ sára àga. Ìyẹn nìkan ni mi ò lè gbàgbé nínú méjèèjìlá, torí iṣẹ́ mi ni. Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá tó o fi ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níhòòhò báyẹn?"

Ó fún mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò bi mí ní ìbéèrè kan kó tó fún mi. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀rín tó fi fún mi yẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Fóònù wà lápò mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Mo dúpẹ́, mo ti yí ẹ̀yìn padà, mo ti ń tú ọ̀rọ̀ náà sí òyìnbó lọ́kàn mi.

"Gbé ìwé náà wá ná," ó ní. "Jẹ́ kí n fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́, kí ojú ìwé tó tutù má baà ká."

Oore ló fẹ́ ṣe fún mi. Mo ní kó má dààmú. Ó ní ìdààmú wo ló wà níbẹ̀, ó ti na ọwọ́, ó sì ti yọ ìwé lábẹ́ abíyá mi.

Ó ṣí i. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó ń ṣí i lọ, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí omi dé, títí ó fi dé ojú ìwé ìwádìí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ọjọ́ Ajé. Ó mu omi ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ó sín ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mu omi ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ó sín ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Ọjọ́rú..." Ó gbójú sókè. "Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Bàbá kan ni. Òtútù ló mú un."

"Irú òtútù wo ló ń wo aago kó tó sín?"

Mo wo ìwé náà láti ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, mo sì ka ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kóòtù kan náà, ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó ń dúpẹ́ ń tò wọlé ní ìtẹ̀léra kan náà lójoojúmọ́. Obìnrin kan ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin pé owó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nísinsìnyí. Fídíò àtijọ́ kan ni wọ́n ń yí lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pè ní ojú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo tilẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Mo jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ bàbá olówó, mo jẹ́wọ́ yàrá ẹ̀yìn, mo jẹ́wọ́ pé omi kankan kò kan ìwé.

Kò pariwo. Ó bi mí ní ohùn ìsàlẹ̀ pé, "Mélòó lo ti fún wọn?"

"Mọ́kànlá."

Ó jókòó sórí pákó tó gbé bọ̀. Ó ṣe bí ẹni ń ka ìlà ara igi náà. Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí. Ó wá sọ ohun tí òǹtàfóònù tó bá a ṣí àpò náà ti kìlọ̀ fún un: ẹni tó bá ní mọ́kànlá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó kàn kù kó máa mì í títí tí yóò fi ṣí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wá ọ̀kan tó kù, kì í sì í pẹ́.

Ó dìde. A sáré.

Ẹ wò wá ná: ọkùnrin kan pẹ̀lú eruku igi lórí, pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, torí èkejì ti yọ sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá láyà bí ẹni gbé ọmọ. Àwọn ènìyàn ń yà fún wa. Ẹnì kan béèrè bóyá iná ló ń jó.

Ṣọ́ọ̀bù òǹtàfóònù kò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpò náà níwájú rẹ̀, ó tẹ òdì lẹ́ẹ̀mejì. Owó ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Òǹtàfóònù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mi orí, ó ní kò ṣòro. Òun lè ṣí àpò mìíràn fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n kó owó sínú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ méjìlá tuntun tó máa tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wò mí. Kò wò mí pẹ́ rárá. Ó wá yíjú padà.

"Bá mi tà á," ó ní. "Gbogbo rẹ̀."

Òǹtàfóònù ní kó ṣe sùúrù, ọjà ti já wálẹ̀ láti àárọ̀, bó bá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ṣeé ṣe kó gbérí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ méjìlá kankan láyé òun mọ́. Wọ́n tà á ní iye ọjọ́ náà. Ìdá kan nínú márùn-ún lọ bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú àpò náà, ṣẹ́ńjì tí kò tó nǹkan. Kò tíì tó wákàtí kan tí a jókòó síbẹ̀ nígbà tí òun náà pòórá lójú wa. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan fóònù. Àwọn olè náà ti rí ọ̀nà dé ìdí ọnà.

Ohun tó kù kò tó ra ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé mọ́. Àlòkù kan tó ti gbó díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi gbé. Bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń yọ̀, á dúró lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tò lórí ìlà mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lójijì, mo mọ ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.

Mo sọ fún Ìyá Áyọ́ọ̀nù pé irọ́ ni bàbá olówó rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ látìgbà yìí wá, ta ló ń pín owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Ohùn rẹ̀ ni òun ń gbọ́. Mo béèrè kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ lò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ń kọ̀wé ló máa mọ̀."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú owó yìí, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá lọ́wọ́ yín, kì báà jẹ́ olóhùn jẹ́jẹ́, kì báà jẹ́ àbúrò yín tó ń kọ ìwé ilé, ẹ má fún un. Kò sí oore tó nílò kọ́kọ́rọ́ yín.

Mo fẹ́ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ku díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la máa ń jẹun lọ́dọ̀ Màmá. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Màmá ní òun gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, òun sì gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà láti ìkóríta. Ó ní ṣé bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó rẹ̀ ṣe ń dún nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú kúrò nínú abọ́. "Ẹni tó tà á ló tàn mí, Màmá. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn tí Màmá béèrè, ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí òun náà sì gbé ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í ra pákó kan láìfi ìka kàn án kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ti gba pé kí ìyá wa máa rí òun bí òmùgọ̀ kí n lè máa jẹun lọ ní àlàáfíà.

Mo ti abọ́ mi sẹ́yìn. "Irọ́ ni, Màmá," mo ní. "Èmi ni." Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ẹni tó ń jẹun mọ́.

Màmá fi ọwọ́ nu ẹnu. "Òǹtàfóònù ti sọ fún mi láti ọjọ́ kejì," ó ní. "Ìwọ ni mo ń dúró dè." Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Àtìwọ náà. Ẹnu rẹ ò mọ irọ́ pa. Má dán an wò mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Kò tíì rẹ́rìn-ín níwájú mi láti ọjọ́ tí a sáré yẹn.

"Akọ̀wé," ó ní nígbà tó gbádùn tán, "wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ ẹni tó máa bá mi dì í mú tí mo bá ń dè é. Mi ò ní ọwọ́ mẹ́ta."

Aago méje kò tíì lù tí mo fi dé ibẹ̀.